Ọjọ́ Tí A Lọ Jẹ Ẹja ní Ilushi

Nígbà tí ìyá ọkọ mi wá gbé lọ́dọ̀ wa ní Ogida, nílùú Bìní, oṣù àkọ́kọ́ nira fún àwa méjèèjì. Ìkìrun ni Màámi ti wá. Bàbá ọkọ mi ti kú, ilé ti tóbi jù fún wọn, ọkọ mi sì ní òun kò lè fi ìyá òun sílẹ̀ láwọn nìkan. Ohun tí kò rò ni pé òun fúnra rẹ̀ kì í gbélé. Iṣẹ́ afárá ló ń ṣe ní Bayelsa, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ni mo wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

Èdè Bìní àti pijin ni àwọn aládùúgbò wa ń sọ. Àwọn ọmọ mi méjèèjì gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí Màámi bá bi wọ́n ní nǹkan, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá wọn lóhùn. Èmi nìkan ló kù tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n sì máa ń bá mi sọ kò ju pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀, pé mo pẹ́ níbi iṣẹ́, pé ta ló ń fọ aṣọ fún ọmọ àwọn níbi tó wà.

Ọkọ mi ló dá a lábàá lórí fóònù pé kí n máa gbé wọn jáde ní Sátidé. Ó ní, “Ẹ kàn máa lọ jẹun níbì kan, kí ẹ sì wo ìlú.” Ó sọ ọ́ bí ẹni pé kò sí ohun tó rọrùn tó o.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí àwọn ọmọ bá ti lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ìṣirò ní Uselu, àwa méjèèjì á wọ mọ́tò. A kọ́kọ́ lọ wo yàrà àtijọ́ tí àwọn ará Bìní gbẹ́ yí ìlú wọn ká. Màámi dúró létí rẹ̀, wọ́n wo pàǹtí tí àwọn èèyàn dà sí ìsàlẹ̀, wọ́n ní, “Kòtò lo gbé mi wá wò?” Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a gba Aduwawa jáde lọ sí Ehor, lẹ́yìn náà a lọ sí Ekpoma. Wàhálà ibẹ̀ ni oúnjẹ. Mùsùlùmí ni Màámi, wọn kì í jẹ ẹran tí wọn kò bá mọ ẹni tó pa á. Ẹran ìgbẹ́ ló sì kún ìkòkò gbogbo àwọn olóúnjẹ ojú ọ̀nà yẹn. Nígbà tí mo rí i pé ìrẹsì funfun lásán ni wọ́n jẹ ní Ekpoma, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ará ibi iṣẹ́ mi pé níbo ni èèyàn ti lè rí ẹja gidi jẹ. Wọ́n ní kí n lọ sí Ilushi, létí Odò Ọya.

Ní Sátidé tí a máa lọ, Màámi ní àwọn kò jáde.

“Orúnkún ń dùn mí. Máa lọ, ìyàwó mi.”

Iná ti lọ láti àná. Ilé gbóná. Mo ro bí àwa méjèèjì yóò ṣe jókòó sínú pálọ̀ yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú, ó sì sú mi. Mo ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ máa rí Odò Ọya.”

“Mo ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti kékeré. Kò di dandan kí n rí i.”

Mo tún bẹ̀ wọ́n. Nígbà tó yá, ẹ̀bẹ̀ mi kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ mọ́, ohùn mi ti le. Mo ní ọmọ wọn ló ní kí n máa gbé wọn jáde, kí wọ́n má sọ mí di ẹni tí kò ṣe ohun tí ọkọ ní kó ṣe. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n fi ìborùn borí, wọ́n sì lọ jókòó sí ẹ̀yìn mọ́tò. Títí a fi kọjá Uromi, wọn kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan.

Ọ̀nà yẹn kì í ṣe ọ̀nà tí ọkàn èèyàn ń balẹ̀. Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa àwọn ajínigbé. Níbi tí igbó bá ti sún mọ́ títì, mo máa ń sáré, níbi tí kòtò bá ti pọ̀, mo máa ń wo ọ̀tún wo òsì. Nígbà tí a kọjá Ubiaja tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí a sì rí omi níwájú, mo mí kanlẹ̀.

Ilé oúnjẹ náà kò ju pákó àti páànù lọ, àmọ́ ojú odò ló kọ sí. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ń já iṣu àti ìrẹsì sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ará Esan ni obìnrin tó ni ibẹ̀, yóò tó ẹgbẹ́ mi, ohùn rẹ̀ sì ròkè. Ó ṣí ìkòkò kí Màámi lè rí i pé ẹja nìkan ló wà nínú rẹ̀. Màámi fọwọ́, wọ́n ṣe bísímílà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja yẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí wọn tí wọ́n ń jẹun tí wọn kò sọ̀rọ̀ iyọ̀. Wọ́n tilẹ̀ ní kí obìnrin náà bu ọbẹ̀ sí i. Mo rọra ń dunnú nínú.

Lójijì ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún húkọ́. Ojú wọn pọ́n. Wọ́n fi ìka kan ọ̀fun wọn.

“Eegun,” ni wọ́n wí. Ohùn náà kò fẹ́ jáde.

Ọkùnrin kan tó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi pijin pariwo pé kí wọ́n gbé ẹ̀bà ńlá mì, pé á gbé eegun náà lọ. Kí n tó sọ pé rárá, Màámi ti bu ẹ̀bà, wọ́n ti gbé e mì. Mo rí i tí gbogbo ara wọn gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n la ẹnu, itọ́ tó jáde ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú. Láti ìgbà yẹn, wọn kò lè gbé itọ́ mì mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń wò mí.

Mo sọ fún ara mi pé kí n má sunkún. Mo bi obìnrin olóúnjẹ náà níbi tí ilé ìwòsàn wà. Ó ní Ubiaja. Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀ sọ sórí tábìlì, ó gbé abọ́ kan dání kí Màámi lè máa tutọ́ sí i, ó sì wọ ẹ̀yìn mọ́tò jókòó ti Màámi, láìsọ fún ẹnikẹ́ni kó bá òun wo ìsọ̀. Nígbà tí a gun òkè tán ni mo rí ojú rẹ̀ nínú dígí, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà.

Ó sọ fún mi pé, “Madam, if anything do Mama, my shop don finish be that.”

Ohun tó wà lọ́kàn tèmi ju ìsọ̀ lọ. Mo ti ń gbọ́ ohun tí ìdílé ọkọ mi máa sọ. Wọ́n á ní kí ló dé tí ìyàwó gbé ìyá arúgbó rin gbogbo ọ̀nà yẹn nítorí ẹja. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ èmi àti Màámi kò wọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á ní èmi ni mo pa ìyá wọn. Ta ni màá fi ṣe ẹlẹ́rìí? Àwa méjèèjì nìkan ló wà nínú ilé nígbà tí mo ń fipá mú wọn dìde, tí ohùn mi le.

Ní Ubiaja, nọ́ọ̀sì kan fi tọ́ọ̀ṣì wo ọ̀fun wọn, kò rí nǹkan kan. Ó ní eegun náà ti sọ̀ kalẹ̀ jù, àwọn kò ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yọ ọ́, kí n tètè máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà níwájú Uromi. Ó ní kí Màámi má mu omi, kí wọ́n má jẹ nǹkan kan, kí wọ́n má sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Mo pe ọkọ mi. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Mo tún pè é. Kò lọ.

A ò tíì rìn jìnnà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò fi igi dí ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n ṣí bọ́ọ̀tù. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí i, mi ò rí i. Obìnrin olóúnjẹ náà sọ gíláàsì fèrèsé mọ́tò kalẹ̀, ó fi èdè Esan bá a sọ̀rọ̀ kíkan, ó sì gbé abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sókè kó rí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀. Wọ́n gbé igi kúrò.

Ibi tí mo ti ń sáré lọ ni fóònù Màámi dún nínú báàgì wọn. Mo mọ ẹni tó ń pè. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni, tí a ń pè ní Àǹtí, tó ń gbé ní Òṣogbo. Lọ́sọ̀ọ̀sán ló máa ń pe ìyá rẹ̀. Fóònù náà dún títí, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí obìnrin náà gbé e, kó tẹ ibi tí gbogbo wa á fi lè gbọ́.

“Màámi, ẹ káàsán o.”

“Àǹtí, èmi ni. Ẹ káàsán, mà.”

“Màámi dà?”

“Wọ́n wà níbí. Eegun ẹja ló há wọn lọ́fun. A ti ń lọ sí ilé ìwòsàn.”

“Ilé ìwòsàn? Níbo lẹ wà?”

Nígbà tí mo sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kún inú mọ́tò. “Ilushi? Kí lo gbé ìyá mi lọ ṣe ní Ilushi? Ṣé kò sí oúnjẹ nílé rẹ ni? Ẹni tí orúnkún ń dùn! Gbọ́ mi dáadáa o. Bí nǹkan kan bá ṣe ìyá mi, ìwọ ni—”

Ohùn náà gé. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló lọ. Mo gbójú sókè wo dígí, mo rí i pé Màámi ló na ọwọ́, wọ́n ti gba fóònù náà, wọ́n ti pa á, wọ́n sì ti kì í bọ abẹ́ itan wọn. Ojú wọn wà ní títì níwájú. Wọ́n fi ọwọ́ kan náà ṣe fún mi pé kí n máa wakọ̀.

Mo wakọ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe gba inú Uromi kọjá.

Dókítà tó gbà wá kò dàgbà rárá, àmọ́ kò fi nǹkan falẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò inú ọrùn Màámi, ó fi eegun náà hàn mí, bíńtín, ó tẹ̀ kọrọdọ. Ó ní ó ti fẹ́ gún ọ̀nà ọ̀fun lu. Ó ní àwọn máa fún Màámi ní oògùn oorun kí àwọn tó yọ ọ́, pé ara àgbàlagbà kò ṣe é fọkàn tán, pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ó bi mí pé ṣé ọmọ wọn ni mí. Mo ní ìyàwó ọmọ wọn ni mí. Ó wo Màámi. Màámi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì tọ́ka sí mi. Mo fọwọ́ sí i.

Èmi àti obìnrin olóúnjẹ náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá dún, àwa méjèèjì á dìde. Nígbà tí dókítà jáde tó ní ó ti bọ́, ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Obìnrin náà pariwo orúkọ Jésù, ó dì mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó ní òun ní láti lọ wò bóyá wọn ò tíì kó ẹja òun lọ, ó sì wọ ọ̀kadà.

Wọ́n ní kí a sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo pe ará ilé kejì kó bá mi mú àwọn ọmọ sọ́dọ̀. Màámi sùn. Èmi ò sùn, èémí wọn ni mò ń gbọ́.

Nígbà tí a fi máa dé Ogida lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, Àǹtí ti jókòó sí pálọ̀. Àárọ̀ kùtù ló ti kúrò ní Òṣogbo. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó kọjá lára mi. Ó gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra, ó wo ọrùn wọn, ó fi wọ́n jókòó. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi.

“Mò ń gbọ́. Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ?”

Mo la ẹnu láti sọ pé èmi ni. Irọ́ kankan kò sí lọ́kàn mi. Ohùn Màámi ló jáde, ó há bí ohùn ẹni tó ti pariwo jù.

“Èmi ni. Ẹja ló wù mí. Mo ní kó gbé mi lọ, ó ní ó jìnnà, mo ní mo fẹ́ lọ.”

Àǹtí wo ìyá rẹ̀, ó wò mí. Mo tẹjú mọ́lẹ̀.

“Màámi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní orúnkún ń dùn yín?”

“Orúnkún kọ́ ni mo fi ń jẹja.”

Ó ní kí wọ́n di ẹrù wọn, kí wọ́n bá òun lọ sí Òṣogbo. Màámi ní àwọn kò lọ. Wọ́n jọ fà á títí di àṣálẹ́, mo sì wà nínú kíṣìn, mo ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí dá lọ. Kó tó wọ mọ́tò, ó sọ fún mi pé òun kò tíì gbàgbé. Mo ní, “Ẹ ṣeun, mà.”

Mi ò bi Màámi rí pé kí ló dé tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn náà kò sì sọ. Ẹ má rò pé a wá di kòríkòsùn. Ní ọjọ́ kẹta, tí wọ́n lè mu ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n ní ẹ̀kọ náà ṣàn jù. Nígbà tí ọkọ mi dé ní ìparí oṣù, ó bá mi jà pé mi ò tètè rí òun bá sọ̀rọ̀, bí ẹni pé èmi ni mo ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Bayelsa. Màámi ní kó dákẹ́, pé ariwo rẹ̀ ń dùn àwọn lọ́fun.

Mo ti pinnu pé ìrìnàjò Sátidé ti parí. Mi ò lè fara da irú rẹ̀ mọ́. Àmọ́ nígbà tó ṣe, ní àárọ̀ Sátidé kan, Màámi jáde láti yàrá pẹ̀lú ìborùn lórí, wọ́n lọ dúró ti mọ́tò. Wọn kò sọ ibi tí à ń lọ. Mo gbé wọn lọ sí Ehor, nítorí pé kò jìnnà, a sì ra ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́wọ́ obìnrin kan lábẹ́ igi máńgòrò. Kò sí ẹja, kò sí ẹran. Síbẹ̀ náà, mi ò lè jẹun. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé ṣíbí sẹ́nu, ọ̀fun wọn ni mò ń wò títí tí oúnjẹ yóò fi lọ.

“Ìyàwó mi,” ni wọ́n wí, láìgbójú sókè. “Mú ojú kúrò lọ́rùn mi, kó o jẹ tìẹ.”

Mo gbé ṣíbí mi.