Bàtà Ọ̀tún Méjì

Ká ní ẹnìkan sọ fún Imorou pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní í mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì, ì bá ní kí onítọ̀hún lọ sùn. Ogún ọdún ló ti ń rán bàtà awọ ewúrẹ́ nínú ilé rẹ̀ ní Goro. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Jímọ̀ yìí, ó ki ẹsẹ̀ bọ èyí tó rán fún ara rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé wẹ́rẹ́, ti òsì kọ̀. Ó bọ́ wọn, ó tò wọ́n síwájú. Ọ̀tún ni méjèèjì.

Ara awọ kan náà ló ti gé tirẹ̀ àti ti Souradjou, ẹ̀gbọ́n àdúgbò tó ń ru obì lọ sí Nikki, torí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì dọ́gba. Bàtà rírọ̀ báyìí, inú rẹ̀ ló máa ń wà níta títí wọ́n á fi rán an tán, kí wọ́n tó fi omi rẹ ẹ́, kí wọ́n sì yí i padà bí ẹni yí àpò. Bí wọ́n bá ti yí i, èyí tó jọ òsì á di ọ̀tún. Ibẹ̀ ni nǹkan ti dàrú mọ́ Imorou lójú.

Ó rẹ ọ̀kan, ó yí i. Òsì. Ó tún un yí. Ọ̀tún. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹrin, òógùn bò ó, ohunkóhun kò dá a lójú mọ́. Hawaou ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Salamatou, ẹ fi bàtà sílẹ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ yín!"

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò ràn án lọ́wọ́ rárá.

A jẹ́ pé òsì méjì ni Souradjou wọ̀ lọ! Ìdájí ló wá gbà á, kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ karùn-ún rèé. Kí ló dé tí kò tíì padà wá bú òun? Àbí bàtà náà bá a mu ni? Ẹ̀rù ń ba Imorou, kò sì mọ èyí tí yóò gbà gbọ́.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n ní Souradjou ti dé. Imorou ki bàtà méjèèjì sábẹ́ aṣọ, ó ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ lọ lójú ọ̀nà. Ó bá a lórí ẹní, Raliatou ìyàwó rẹ̀ ń fi òrí ra á lẹ́sẹ̀.

"Imorou, ó tán," ni Souradjou wí. "A ò tíì kọjá Tchatchou tí ẹsẹ̀ ọ̀tún fi ń ta mí bí iná. Mo ní bàtà tuntun ni, yóò rọ̀. Kò rọ̀. Mo ti gbé ẹrù fún Rachidi àbúrò mi, kó máa ṣíwájú àwọn tó ń ru obì láti ìsinsìnyí lọ. Mo ti darúgbó."

"Ẹ̀gbọ́n, bàtà yẹn ńkọ́?"

"Kí ló ṣe bàtà? Ọwọ́ rẹ kì í ṣe àṣìṣe. Ẹsẹ̀ mi ló bàjẹ́."

Imorou di bàtà abẹ́ aṣọ rẹ̀ mú. Ì bá sàn kó gbá òun létí. Raliatou wá ń rẹ́rìn-ín.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Láti ìgbà tó ti fẹ́ mi, ẹ̀ẹ̀kan péré la jọ gba ààwẹ̀ parí nílé."

Ọ̀rọ̀ wá dojú rú pátápátá. Bó bá sọ̀rọ̀, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́, obìnrin yìí sì pàdánù ìsinmi rẹ̀. Bó bá dákẹ́, akínkanjú ọkùnrin á jókòó sórí ẹní nítorí bàtà lásán. Imorou mú bàtà kan jáde lábẹ́ aṣọ.

"Ẹ ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ èyí."

Souradjou wọ̀ ọ́, ó wọ ọ̀kan nínú tirẹ̀ sí òsì, ó di ògiri mú dìde. Ó fi ògiri sílẹ̀. Ó rìn dé ìdí àká iṣu, ó rìn padà. Imorou ti kúnlẹ̀.

"Ẹ forí jì mí, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo ṣì í rán."

Souradjou kò bú u. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ó wá gbójú sókè sí ọ̀nà Tchatchou.

"Ibo ni Rachidi yóò ti dé báyìí?"

Raliatou dé igbá òrí, ó dìde, ó wọlé.