Ẹrù Tí Kò Jẹ́ Kí N Dọ̀bálẹ̀

Ọmọ mi àgbà ra mọ́tò ní èṣí, búùtù rẹ̀ kò sì gba nǹkan mìíràn mọ́ àfi ẹrù ìpẹja. Ọ̀pá ìwọ̀ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, àti àpótí tí wọ́n pín inú rẹ̀ kéékèèké, àwọ̀n olọ́wọ́ gígùn, bàtà rọ́bà tó dé itan, àti àga tó ṣeé ká. Bẹ́ẹ̀ etí odò lásán ló máa ń jókòó sí, kì í wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo wo ẹrù náà títí, mo bú sẹ́rìn-ín. Inú tún bí mi díẹ̀, nítorí ara mi ni mo rí nínú búùtù yẹn, bí mo ṣe rí ní ọdún mélòó kan kí a tó gba òmìnira.

Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Ọ̀wọ̀. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá mi kò ní fàájì mìíràn ju ìwọ̀ lọ. Bí ó bá ń lọ sí etí odò Ọ̀sẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, èèyàn mẹ́rin ni yóò ru ẹrù tẹ̀ lé e, àti ìkòkò tíì pẹ̀lú. Nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀ pátápátá, ó ní kí n máa fi gbogbo ẹrù náà rántí òun. Ọ̀pá wà níbẹ̀ tó ní àgbá kékeré tí okùn ń ká mọ́. Ẹja onírin wà níbẹ̀ tí wọ́n kun ní ọ̀dà pupa àti àwọ̀ ewéko, tí ìwọ̀ sì so mọ́ ìdí wọn. Mo máa ń tẹ́ wọn sórí ẹní níwájú ilé wa, àwọn ará àdúgbò a sì wá wò wọ́n. Mo gbéra ga, n kò ní purọ́. Ẹja tí mo ti fi wọn pa nígbà náà kò kún abọ́ kan.

Ní ọdún yẹn kan náà ni mo ń fẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìwé Kátólíìkì ní Ọ̀wọ̀. Ọmọ Áńgílíkà ni èmi, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Bàbá rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Àgbẹ̀ ni ní ìhà Ẹlẹ́gbẹ́ka, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ìhà ibẹ̀ láyé ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kì í fi ẹnu lásán gba ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá di àna yóò kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lọ sí oko bàbá ìyàwó, wọn yóò kọ ebè tàbí kí wọ́n ro oko, kí bàbá lè mọ irú ọwọ́ tí ọmọ òun ń bọ́ sí. Ọkùnrin kan tó ń ra kòkó ti ń tọrọ ọmọbìnrin náà ṣáájú mi, ó sì ti kó ọ̀rẹ́ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní oko tó ro mọ́ tónítóní.

Èmi àti ọkọ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ń ṣe alárinà fún wa, mọ èyí dáadáa. Nígbà tí bàbá béèrè ọjọ́ tí èmi náà yóò wá sí oko, ó yára dáhùn pé iṣẹ́ tèmi ni ẹja pípa, kò sì sí ohun ìpẹja tí n kò ní nílé. Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, òun náà máa ń ju ìwọ̀ sí Ọ̀sẹ̀. Kí n wá bá òun létí odò lówùúrọ̀ Sátidé, kí n fi ẹja pípa ṣe iṣẹ́ àna tèmi, òun yóò sì fún wa lésì lọ́jọ́ náà gan-an.

Oorun kò kùn mí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí mo bá gbé nǹkan kan sílẹ̀ nínú ẹrù, ọkàn mi a sọ fún mi pé òun gan-an ni n ó nílò. Nígbà tí Sátidé fi máa pé, ọ̀pá mẹ́ta ni mo dì mọ́ ẹ̀yìn, mo fi okùn gbá wọn mọ́ àyà, mo sì ta á ní kókó mẹ́rin. Àpótí ẹja onírin rọ̀ ní èjìká ọ̀tún, àpò okùn àti òjé rọ̀ ní ti òsì. Mo fi àwọ̀n kọ́ ọrùn. Mo gbé àga kíká dání lọ́wọ́ kan, mo gbé ìkòkò tíì òyìnbó dání lọ́wọ́ kejì. Ẹ má bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ìkòkò tíì ṣe.

Mo wọ lọ́rì tó ń lọ sí Ìfọ́n, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ẹlẹ́gbẹ́ka. Ọmọbìnrin náà ti wálé láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó ń gbá ojúde nígbà tí mo dé. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó béèrè bóyá etí odò ni mo fẹ́ máa gbé láti òní lọ. Lẹ́yìn náà ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó sún mọ́ mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀pá kan, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi. Ẹ ò mọ bàbá mi. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.”

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo rò pé kò mọ̀ nípa ẹja ni.

Ọ̀nà náà jìn díẹ̀, ìrì sì pọ̀. Bàbá ti jókòó sórí gbòǹgbò igi ńlá kan létí omi. Ọ̀pá tín-ínrín kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àdá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ekòló sì wà nínú ewé kókò tó ká pọ̀. Kò sí nǹkan mìíràn. Ó yí ojú padà, ó rí mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà wa ti mọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀. Bí àna bá pàdé bàbá ìyàwó, ì báà jẹ́ nínú ẹrọ̀fọ̀, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Mo tẹ̀ díẹ̀, orí ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kọ́ ìtàkùn tó wà lókè. Mo tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, àpótí gbá mi ní orúnkún. Mo gbé àga sílẹ̀, mo wá okùn àyà mi láti tú u, kókó mẹ́rin náà kò sì tú, nítorí ìrì ti mú wọn le. Níkẹyìn, ní ìdúró ṣánṣán, pẹ̀lú ìkòkò tíì lọ́wọ́ mi, mo ní, “Ẹ káàárọ̀ o, bàbá.”

Ó dáhùn pé káàárọ̀. Ó yí ojú rẹ̀ padà sí omi. Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá wọlẹ̀ lọ.

Mo tú ẹrù, mo tò ó, ó sì gbà mí ní àkókò tó pọ̀. Kí n tó so ìwọ̀ àkọ́kọ́ mọ́ okùn, bàbá ti fa àrọ̀ méjì jáde. Ẹja onírin mi àkọ́kọ́ lọ há sórí ẹ̀ka igi ní òdìkejì, èkejì há mọ́ ìtì lábẹ́ omi. Epìyà kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ni mo rí pa. Bí ẹja kò bá jẹ mọ́, bàbá a dìde, a mú ọ̀pá àti àdá, ó di ibòmíràn. Èmi ní tèmi a bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù. Nígbà tí mo bá fi bá a, ó ti tún ń dìde. Báyìí ni a ṣe títí oòrùn fi gòkè. Aṣọ mi rin gbingbin, n kò sì lè sọ pé ó rẹ̀ mí.

Lẹ́yìn èyí ni a dé ibi tí igi kan dábùú odò, tí wọ́n ń gbà kọjá sí ọ̀nà àbùjá ilé. Bàbá fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ kọjá, pẹ̀lú ọ̀wọ́ ẹja rẹ̀. Mo gun orí igi náà, ó ń yọ̀, ẹrù ń fà mí sápá kan. Mo dúró láàárín. Bàbá yí padà, ó tẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́ sí mi láti fà mí.

N kò ní ọwọ́ tí n ó fi gbà á. Àga wà nínú ọ̀kan, ìkòkò wà nínú èkejì.

Ó dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ní nínà. Lẹ́yìn náà ló fà á padà.

“Ẹni ọghọ́ rẹ̀ kún,” ló fi ohùn ìlú wọn wí, “kí ni yó fi gba ọmọ ọlọ́mọ?”

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó gba ọ̀nà ilé.

Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, n kò tíì rí irú rẹ̀ láti ìgbà náà. Mo mọ̀ pé bí ó bá dé ilé kí n tó bá a, ọmọ rẹ̀ ti di ti oníkòkó. Mo fi ẹ̀yìn rìn padà sí etí odò. Mo gbé àga sílẹ̀, mo gbé ìkòkò sílẹ̀, mo bọ́ àpótí àti àpò. Mo fi eyín já okùn àyà mi. Mo fi gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, àti ọ̀pá alágbàá tí mo fẹ́ràn ju ẹ̀gbọ́n mi lọ, mo sì sá gba orí igi náà kọjá. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe kan ilẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tí mo wọ̀. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ nínú ewé gbígbẹ. Ó ń lọ, ó ń lọ. Ó dúró. Ó padà bọ̀.

“Dìde,” ló wí. “Ẹja yìí wúwo. Gbà á.”

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ọ̀wọ́ ẹja náà, mo gbé e tẹ̀ lé e dé ilé. Nígbà tí ọmọbìnrin náà rí mi nínú ẹrọ̀fọ̀, pẹ̀lú ẹja bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sá wọ inú ilé lọ bá ìyá rẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì láti ojúde.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá bá mi padà lọ kó ẹrù. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣa ìwọ̀ mẹ́ta àti ègé òjé kan, ó ní ìwọ̀nyí dára. Ó ní kí n kó ìyókù lọ sí ọ́fíìsì. Ìwọ̀ mẹ́ta yẹn ló lò títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì, ó sì kó wọn fún mi pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ tín-ínrín. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí iye ẹrù tó yẹ kéèyàn kó lọ sí etí odò, ohun tí mo máa ń sọ ni pé kó dì í sára, kó dọ̀bálẹ̀. Bí ó bá lè dìde láìsí ẹni tó fà á, ẹrù náà kò pọ̀ jù. Ọmọ mi rò pé àwàdà ni mo ń ṣe.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, kí bàbá tó fa ọmọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó kọ́kọ́ wo ọwọ́ mi méjèèjì. Mo ti gbé fìlà mi fún ọ̀rẹ́ mi, mo sì tẹ́ wọn fún un kó rí i pé wọ́n ṣófo. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ ọmọ rẹ̀ sínú wọn. Ó di ọdún mẹ́rin báyìí tí ìyàwó mi ti fi ayé sílẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì tún ṣófo. Ọ̀pá bàbá rẹ̀ ni mo máa ń mú dání lọ sí etí odò ní Sátidé, òun nìkan náà.