Bí Mo Ṣe Kí Màmá ní Sharjah

Lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé Dubai dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta péré ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń gba àwa nọ́ọ̀sì àjèjì sí. Bẹ́ẹ̀ ni iléeṣẹ́ tó ń bá wa wáṣẹ́ ṣe rán mi láti Hor Al Anz ní Dubai, níbi tí mo gba bedspace, àyè ibùsùn kan nínú yàrá àjùmọ̀gbé, lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Sharjah, ìlú tó múlé gbe Dubai.

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo wọ yàrá ìyá àgbà Lárúbáwá kan tó ju ìyá mi lọ dáadáa. Kí n tó ronú, orúnkún mi ti kanlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Màmá figbe ta. Ó rò pé òòyì ló kọ́ mi tí mo fi ṣubú. Ó tẹ aago, ọ̀gá wa, nọ́ọ̀sì ará India, sì sáré wọlé. Ọ̀gá wa gbé mi jókòó, ó sì ń yẹ BP mi wò.

"Ṣé o jẹun láàárọ̀ yìí?"

"Mo jẹun, mà. Mo kàn ń kí wọn ni."

Ọ̀gá wa ṣàlàyé fún màmá ní èdè Lárúbáwá. Màmá bú sẹ́rìn-ín débi pé ikọ́ gbé e. Ó fi dàbínù kan lé mi lọ́wọ́.

"Yalla, ó yá, habibti, olólùfẹ́ mi, jẹ ẹ́."

Láti ọjọ́ náà, nọ́ọ̀sì tó bá wọlé láti gún màmá lábẹ́rẹ́, orúnkún rẹ̀ ni màmá á kọ́kọ́ wò. Tí nọ́ọ̀sì náà kò bá kúnlẹ̀ kí i, màmá á ní òun ò gba abẹ́rẹ́. Èmi nìkan ló sì ń kúnlẹ̀; bí gbogbo abẹ́rẹ́ màmá ṣe di tèmi nìyẹn.