Ọjọ́ Tí Mo Ṣe Ìyàwó Nínú Eré Ìṣáná

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń tò ó. Ìwé kejì ni mo kà dé tí ilé ìwé fi tán fún mi. Abẹ́rẹ́ ni ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n lò, kì í ṣe kálàmù. Bí ẹ bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti rí jákujàku, ẹ bá mi fò ó. Mo kàn fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí lẹ́nu iṣẹ́ ni, nítorí pé bí mo bá rántí rẹ̀, àyà mi ṣì ń já.

Ẹgbẹ́ aláwàdà kan ní Ìlá ni mo bá ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé ń pe ọ̀gá ẹgbẹ́ náà ní Ìṣáná, nítorí pé wọ́n gùn, wọ́n gbẹ, orí wọn sì kéré lókè bí orí ìṣáná. Bí wọ́n bá ti yọ sójú agbo, kí wọ́n tó lanu rárá, àwọn ènìyàn á ti máa di ìhà mú. Mo ti rí wọn rí nígbà tí wọ́n wá ṣeré ní Òkè-Ìlá, níbi tí wọ́n ti bí mi, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Nítorí náà, nígbà tí obìnrin tó kọ́ mi ní aṣọ rírán sọ pé Ìṣáná ń wá ọmọbìnrin tí yóò máa tọ́jú aṣọ eré, mo rò pé ibi ẹ̀rín ni mò ń lọ.

Ọjọ́ kìíní ni ẹnu ti yà mí. Aṣọ dúdú ńlá kan wà tí a máa ń ta sínú gbọ̀ngàn níbikíbi tí a bá ti fẹ́ ṣeré. Iwájú rẹ̀ ni àwọn òǹwòran wà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwa wà, ibẹ̀ la sì ń pè ní ẹ̀yìn aṣọ. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn aṣọ. Ìṣáná á jókòó sórí àpótí, ojú wọn á le bí ojú ẹni tó ń dúró de ìdájọ́. Èmi á fi ẹfun yí ẹnu wọn ká, màá fi èédú fa irùngbọ̀n fún wọn, màá wá ran ikùn mọ́ wọn lára. Ikùn ni à ń pe àpò òwú tí wọ́n fi ń ṣe olówó.

Nígbà tí a lọ ṣeré ní Ìgbájọ, mo gún wọn lábẹ́rẹ́ níbi tí mo ti ń ran ikùn náà. Wọ́n figbe ta, wọ́n fò sókè, wọ́n sì gbé igbe náà jáde bẹ́ẹ̀ lọ sójú agbo. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó gbọ̀ngàn. Kí wọ́n tó padà wọlé, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀wọ́, sà, ọwọ́ mi ló yẹ̀.”

Wọ́n wò mí títí. “Lọ́la, ojú ibẹ̀ náà ni kí o ti gún mi,” ni wọ́n wí. “Ohun tó bá dunni lóòótọ́ ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.”

Mo wo ojú wọn bóyá àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ọjọ́ kejì, mo gún wọn.

Ìyàwó méjì ni Ìṣáná ní nígbà náà, àwọn méjèèjì ló sì ń ṣeré. Ìyá Ẹgbẹ́ ni ìyálé. Àwọn ló ń se oúnjẹ gbogbo wa, àwọn náà ló ń ṣe ìyàwó oníjà lójú agbo. Àǹtí Ráliátù ni ìyàwó kejì, wúńdíá ni wọ́n máa ń ṣe. Àǹtí Ráliátù fẹ́ràn mi, a sì jọ máa ń sọ̀rọ̀ bí a bá ń sá aṣọ. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe rí.

“Ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ fún eléré kó máa gbé e káàkiri?” ni wọ́n wí. “Bí wọ́n bá sì rí ẹni tó gbà, tí ọ̀gá kọ́ ọmọ náà ní eré títí, akọ̀wé kan á wá láti Òṣogbo, á fẹ́ ẹ lọ. Òógùn ọ̀gá ti ṣòfò nìyẹn. Nítorí náà, obìnrin tó bá ti mọ eré, ọ̀gá á fẹ́ ẹ. Bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn.”

Mo dúpẹ́ nínú ọkàn mi pé aṣọ ni mo mọ̀, pé n kò mọ eré.

Nígbà tó yá, tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó ti rí i. Ìṣáná lọ síbẹ̀, wọ́n sì padà dé pẹ̀lú ìròyìn pé àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ kí a wá ṣeré níwájú rẹ̀. Gbogbo wa yọ̀, a hó yèè. Ìṣáná ní àwọn kò ní mú àwàdà tí ayé ti mọ̀ lọ. Eré nípa ẹ̀yìn aṣọ gan-an ni àwọn fẹ́ ṣe: bí ebi ṣe ń pa aláwàdà kí ó tó jáde lọ pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, bí àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣe ń jà lórí ẹran, àti bí ọ̀gá ṣe ń fẹ́ ọmọbìnrin tuntun kí ó má baà sá lọ. Ìgbéyàwó yẹn ni yóò parí eré.

“Tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe gbọ̀ngàn,” ni Ìṣáná wí fún wa. “Ojú rẹ̀ sún mọ́ ènìyàn, ó ń rí irọ́. Bí a bá ní oyin, oyin gidi ni. Bí a bá ní bàbá ìyàwó, bàbá gidi ni yóò jókòó.”

Oyún Àǹtí Ráliátù ti yọ gedegbe nígbà náà, wọn kò lè ṣe wúńdíá mọ́. Ìṣáná bá nawọ́ sí mi. Mo ní n kò lè ṣe é, pé ojú ń tì mí.

“Ojú tó ń tì ọ́ yẹn gan-an ni mo ń wá,” ni wọ́n wí.

Iṣẹ́ mi nínú eré náà kò pọ̀. Màá fi gèlè bo orí wá, màá kúnlẹ̀ níwájú ẹrù ìdána, bàbá mi á sì bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá kí àwọn gba ẹrù náà. Àǹtí Ráliátù ló kọ́ mi ní ìdáhùn lẹ́yìn ilé ìdáná. Bí wọ́n bá bi mí lẹ́ẹ̀kíní, kí n dákẹ́. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, kí n tẹ orí ba. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kí n sọ pé, “Ẹ gbà á, bàbá mi.”

“Má sọ ọ́ sínú o,” ni wọ́n wí fún mi. “Kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá gbọ́ ọ.”

Ìṣáná fúnra wọn ló lọ pe bàbá mi ní Òkè-Ìlá. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n, n kò sì rò pé wọ́n á gbà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ tí a fẹ́ dánra wò nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé, wọ́n dé pẹ̀lú àbúrò wọn. Aṣọ òfì tí wọ́n máa ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè ni wọ́n wọ̀. Inú mi dùn. Mo rò pé nítorí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ṣe múra bẹ́ẹ̀. Ìṣáná ti pe àwọn ará àdúgbò pé kí wọ́n wá wòran, ilé sì kún.

Wọ́n gbé obì, orógbó, ataare, iyọ̀ àti ìgò oyin wá síwájú. Mo kúnlẹ̀. Ìṣáná ti kìlọ̀ fún wa pé kí ẹnikẹ́ni má sọ Ìgbómìnà nínú eré, kí a máa fọhùn bí ará Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀ nílé ni wọ́n ṣe bi mí léèrè. Mo wí nínú ọkàn mi pé, háà, bàbá ń ba eré jẹ́.

Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kíní, mo dákẹ́. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kejì, mo tẹ orí ba. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kẹta.

“Ẹ gbà á, bàbá mi!”

N kò sọ̀rọ̀ sókè tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Bàbá mi pa obì, wọ́n tọ́ oyin wò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Àdúrà náà gùn. Wọ́n dárúkọ ìyá mi tó ti kú. Mo gbójú sókè wo Ìṣáná, bóyá wọ́n á ṣẹ́jú sí bàbá mi pé ó tó. Ìṣáná tẹrí ba, wọ́n ń ṣe “Àmín, Àmín.” Ojú wọn le bí ó ṣe máa ń le lẹ́yìn aṣọ.

Nígbà tí Ìṣáná ní ó tó, mo sáré lọ bọ́ aṣọ eré. Bí mo ṣe jáde, bàbá mi ń di ẹrù náà.

“Bàbá, ẹ ṣe é dáadáa,” ni mo wí. “Ẹ fi oyin yẹn sílẹ̀, ti ẹgbẹ́ ni.”

“Ti ẹgbẹ́ báwo?”

“Eré ti parí, bàbá.”

“Eré wo?”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá mi ní Ìṣáná mú àgbàlagbà méjì wá sílé, wọ́n ní mo ti gbà láti fẹ́ Ìṣáná, pé ìtìjú ni kò jẹ́ kí n wá sọ ọ́.

“Mo ní n kò ní fọwọ́ kan nǹkan ẹnikẹ́ni lórí ọmọ mi, àfi bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀,” ni bàbá mi wí. “Wọ́n ní kí n bi ọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Àṣàkẹ́.”

Mo lọ bá Ìṣáná níbi tí wọ́n ti ń nu ẹfun kúrò lẹ́nu.

“Sà, ẹ sọ fún mi pé eré ni.”

“Eré ni,” ni wọ́n wí. “Ìdána sì ni. Gbogbo àdúgbò gbọ́ ohùn rẹ. Lọ fara balẹ̀, ìyàwó, a ó jọ lọ Ìbàdàn ni.”

Mo sáré lọ bá Ìyá Ẹgbẹ́ nídìí iná. Kí n tó lanu, wọ́n ní, “Yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ni tìrẹ. Mo ti gbá a.” Wọn kò gbójú kúrò nínú ìkòkò. Àǹtí Ráliátù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń bó iṣu.

“Àǹtí, ẹ̀yin náà mọ̀?”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ohun tí mo sọ!”

“Ta ni ì bá kọ́ ọ?” Wọ́n fi ọ̀bẹ lélẹ̀. “Bí kì í bá ṣe ìwọ, wọ́n á mú ẹlòmíì wá tí n kò mọ ìwà rẹ̀. Ìwọ kì í jà, o kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Mo fẹ́ràn rẹ ni, Àṣàkẹ́.”

Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó fún mi lẹ́bùn. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe ń lọ sílé obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́, níbi tí mò ń gbé, àwọn ènìyàn ń kí mi lójú ọ̀nà. “Ìyàwó o! Ìyàwó Ìṣáná! Ẹnu rẹ mà dá ṣáká lónìí!” Mo fẹ́ sọ fún wọn pé n kò mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà mí gbọ́? Ojú wọn kọ́ ni mo ti sọ ọ́? Bí mo bá kọ̀, wọ́n á ní bàbá mi jẹ obì ọlọ́bì, ó fi ọmọ lu ènìyàn ní jìbìtì. Bí n kò bá sì kọ̀, yàrá tí wọ́n ti gbá ń dúró dè mí. Ìbàdàn tí mo ti ń fi ọkàn yàwòrán láti ọjọ́ yìí wá kò wù mí mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ sí ilé ìbátan wa tí bàbá mi sùn sí. Mo bá wọn lórí ìjókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń múra àtipadà sí Òkè-Ìlá, ẹrù ìdána náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó dà bí ẹni pé àwọn náà kò sùn. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n dáhùn, wọn kò wò mí lójú.

“Bàbá,” ni mo wí, “ẹ bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Wọ́n fa ẹrù náà sọ́dọ̀ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

“Àṣàkẹ́, ṣé kí n gbà á?”

“Ẹ má gbà á, bàbá mi.”

N kò sọ ọ́ sókè. Àwa méjèèjì nìkan ló gbọ́ ọ. Bàbá mi ní ó dáa, wọ́n sì bá mi gbé ẹrù náà lé orí, mo rù ú gba àárín àdúgbò lọ sí ilé Ìṣáná, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, mo kí gbogbo wọn káàárọ̀.