Ìgò Omi Kejì

Òórùn kọ́sítíìkì àti àbẹ́là yíyọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ tí mo bá yà sí ọ̀nà odò ẹ̀yìn ilé wa, nítòsí Lapaz ní ìlú àwọn Gà, kí òórùn odò náà fúnra rẹ̀ tó dé imú mi. Ìyá aláró ló ni òórùn àkọ́kọ́. Ó ti ń pa aṣọ láró létí odò yẹn kí wọ́n tó bí mi, obìnrin ará Ọ̀yọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú títí dé ọrùn ọwọ́. Ó máa ń bú wa bí ẹran tí a bá tẹ aṣọ tó sá sórí koríko, kó tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún, á tún pè wá padà wá jẹ kẹ́ńkè, ẹ̀kọ àgbàdo ibẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ìwé gíga nígbà náà, mi ò sì tíì ríṣẹ́, ni mo bá dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti máa yẹ omi odò wò. Ká sòótọ́, ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń wọ̀ ló wọ̀ mí lójú. Obìnrin tó kọ́ wa níṣẹ́ náà le bí ọlọ́pàá. Ó ní ìsàlẹ̀ ni ká ti máa wọ odò, ká kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, kí ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ wa má baà wọ inú ìgò. Ó ní ká fi omi odò ṣan ìgò lẹ́ẹ̀mẹta ká tó bu èyí tí a máa gbé lọ. Níbi tí a bá sì fura sí, ìgò méjì ni: ọ̀kan kí omi tó dé ibẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn tó bá kọjá. A ó da omi náà sórí àwo pẹlẹbẹ kan tó ní oògùn lára, a ó bò ó síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ìgbẹ́ bá wà nínú omi náà, àmì kéékèèké yóò ti hù sórí àwo náà lọ́jọ́ kejì.

Lọ́dún yẹn, inú ń run àwọn ọmọ tó wà lágbègbè afárá, gbogbo ènìyàn sì ń nàka sí ìyá aláró, nítorí omi aró rẹ̀ ni ojú ń rí. Mo bu ìgò kan lábẹ́ afárá, ní ìsàlẹ̀ ibi tó ti ń pa aṣọ láró. Mo bu èkejì lókè, kí omi tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, níbi tí páìpù kan ti yọ orí jáde nínú igbó lábẹ́ ògiri onílé wa. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àmì kún àwo méjèèjì, ti òkè sì burú ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Mo jókòó ti àwọn àwo náà. Omi ṣáláńgá onílé wa ni àwọn ọmọ ń mu.

Onílé wa yìí ni alága àdúgbò, Alhaji tí àwa Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Alata níbẹ̀, àti àwọn Gà onílẹ̀ jọ ń bọ̀wọ̀ fún. Inú yàrá méjì nínú ilé rẹ̀ ni màmá mi ti tọ́ wa, oṣù yẹn gan-an ló sì ní kó wá ilé mìíràn. Ó ránṣẹ́ pè mí láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé àdúgbò tí mo ti fẹ́ sọ ohun tí mo rí nínú omi náà.

"Mo gbọ́ pé o lọ bu omi lẹ́yìn ògiri mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó dáa. Sọ fún màmá rẹ pé kó fọkàn balẹ̀. Kò ní kó kúrò níbì kankan mọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́.

Lọ́sàn-án, mo wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé mi, mo gbé àwo kan ṣoṣo sókè lójú gbogbo wọn níbi ìpàdé náà létí odò. Mo ní, "Ìgbẹ́ wà nínú omi abẹ́ afárá." Òótọ́ ni. Ẹnikẹ́ni ò bi mí bí aró ṣe ń di ìgbẹ́. Ìyá aláró nìkan ló dìde.

"Ọmọ mi, ìgò méjì ni mo rí lọ́wọ́ rẹ. Èkejì dà?"

"Ó fọ́, Màmá."

Ìgò oníke ni. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé oníke ni. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, "Alata, firi ha kɔ!" Wọ́n ní kó kúrò níbẹ̀, wọ́n ń lé e bí ẹni lé ajá. Wọ́n da àwọn dúrọ́ọ̀mù aró rẹ̀ nù lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ aṣọ ìsìnkú tí àwọn oníbàárà gbé fún un pa láró mọ́ ẹrẹ̀, ó sì ń kúnlẹ̀ ṣà wọ́n láàárín ẹsẹ̀ wọn. Onílé wa, Alata bíi tirẹ̀, ká etí agbádá rẹ̀ sókè kí aró má baà ta sí i. Nígbà tí mo rí i pé wọ́n ń wò mí, èmi náà fọwọ́ kan dúrọ́ọ̀mù kan, mo bá wọn tì í ṣubú.

Kò pẹ́ tó kó lọ tí odò náà fi mọ́ lójú. Àwọn ọmọ tí omi aró máa ń bà lẹ́rù tẹ́lẹ̀ wá ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń bu ú mu. Ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọbìnrin ọlọ́mọ ọdún mẹ́rin kan, ọmọ ẹni tó ń ta àgbàdo lórí afárá. Onílé wa ló ṣáájú àwọn tó lọ kí wọn. Mo tẹ̀ lé wọn, mo sì sunkún níbẹ̀ ju ẹbí òkú lọ. Wọ́n ní aláàánú ọmọ ni mí.

Ọdún bíi mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo rí ìyá aláró ní ọjà Makola, ó ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ lórí tábìlì kékeré kan. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ìgò òkè, ti páìpù, ti màmá mi. Ó ń tún òwú rẹ̀ tò ní gbogbo ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ojoojúmọ́ ni mo ń dúró sínú omi yẹn. Ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Rárá, Màmá."

"Kúrò níwájú ọjà mi. O dí àwọn oníbàárà lójú."

Ó dùn mí, mo sì bínú sí i títí mo fi wọ ọkọ̀ tírótíró délé. Mo rò pé àgbàlagbà yẹ kó dárí ji ọmọ. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé òun kọ́ ló ṣìkà lọ́jọ́ náà. Ojú gbogbo àdúgbò ni mo ti bà á lórúkọ jẹ́, etí òun nìkan ni mo sì fẹ́ ti tún un ṣe.