Òkò Kan fún Ilé Ẹlẹ́yẹ Méjì

Àrọ̀bá ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Wọ́n ní ṣebí àrọ̀bá ni baba ìtàn, bí ìtàn bá sì ń wá bàbá rẹ̀, ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ni kó gbà lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi mọ́tò gbé àlejò lọ wo ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè. Àlejò kan ni, tàbí tọkọtaya kan, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹlòmíràn nínú mọ́tò àfi àwọn, òun, àti ẹnu rẹ̀. Ẹnu náà nìkan tó ẹrù fún mọ́tò kan.

Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀. Ìtàn ìgbà àtijọ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọ, kò sì gba gbẹ̀rẹ́. Bí ọmọ kan bá gbé ohun tí kò sí nínú ìwé kalẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, yíǹkì pupa ni yóò fi kọ ọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, “Ta ló sọ fún ọ?” Nígbà tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa, ó kó yíǹkì pupa sínú àpótí, ó kó ìtàn sẹ́nu, ó di afinimọ̀nà.

Ọ́fíìsì wọn kò ju yàrá kan lọ, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Òórùn gúlúù máa ń gba àárín pákó ilẹ̀ wọlé. Àwòrán ilẹ̀ ńlá kan wà lára ògiri, ìka àwọn àlejò sì ti pa odindi ìlú méjì rẹ́ lórí rẹ̀. Pátákó funfun wà níbẹ̀ tí akọ̀wé ń kọ ìrìn àjò sí. Àga mẹ́ta ló wà, ọ̀kan nínú wọn kò ṣe é jókòó sí, àwọn àlejò nìkan ni kò mọ̀.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ògbólógbòó mọ́tò kan ni wọ́n fún un. Bó bá gun òkè dé ìdajì, ẹ̀rọ á gbóná, èéfín á máa rú, wọ́n á ní láti dúró fún bí ogún ìṣẹ́jú kó lè tutù. Ahoro ilé kan ló wà níbi tí wọ́n máa ń dúró sí yìí, ilé olókùúta tí òrùlé rẹ̀ ti wó. Wọ́n gbẹ́ ẹyẹ méjì sára òkúta tó wà lókè ẹnu ọ̀nà, àwọn ẹyẹ náà kọjú síra wọn. Àlejò á bọ́ sílẹ̀, á wo ẹyẹ, á wo aago ọwọ́ rẹ̀, á wo èéfín, á wá wo Àrọ̀bá. Ojú tí wọ́n fi ń wò ó yẹn, kì í ṣe ojú ẹni tó tún máa padà wá. Kò sì mọ nǹkan kan nípa ilé náà tó lè sọ fún wọn. Kò bi ẹnikẹ́ni rí.

Ló bá di ọjọ́ kan, ó lanu. Ó ní ọkùnrin tó kọ́ ilé yìí ló ta ìlú fún ọ̀tá nígbà ogun. Ó ní ọwọ́ ọkùnrin náà ni kọ́kọ́rọ́ ẹnubodè wà, pé ó ṣí i sílẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí àwọn ọ̀tá sì ya wọlé bá àwọn ènìyàn lórí ẹní. Ó ní kí àlejò wo ẹyẹ méjì yẹn dáadáa: ọ̀kan ni onílé, èkejì ni ọ̀tá, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ sí ara wọn létí. Èyí tó wá burú jù ni pé ó fi àṣà kan tì í lẹ́yìn. Ó ní láti ìgbà náà, ẹni tó bá kọjá gbọ́dọ̀ ju òkò kan sẹ́nu ọ̀nà ọ̀dàlẹ̀. Ó mú òkò kan, ó jù ú. Àlejò náà ju tirẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, kò rántí èéfín mọ́.

Ọdún mẹ́tàdínlógún nìyẹn. Wọ́n ti ra mọ́tò tuntun tó ń gun òkè láìmí gúlegúle, síbẹ̀ ìdajì òkè náà ni wọ́n ṣì ń dúró sí, nítorí àwọn àlejò fúnra wọn ló ń bèèrè. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ti Àrọ̀bá balẹ̀, kò fọ́, òròmọdìẹ ló jáde nínú rẹ̀ tó sì ń rìn kiri. Àwọn afinimọ̀nà yòókù gbà á sọ. Ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà fún àlejò. Àwọn olùkọ́ ń kó ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wá ju òkò. Òkìtì òkúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà ti dé orúnkún ènìyàn.

Kì í ṣe pé kò dùn ún rí. Bàbá arúgbó kan wà tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ní ẹnu ìloro ìlú àtijọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó sì mọ ilé kọ̀ọ̀kan àti àwọn tó gbé inú wọn. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni Àrọ̀bá ń kí i pé, “Ẹ káàárọ̀, bàbá,” á sì yára kọjá. Kò bi í léèrè, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá bèèrè, wọ́n á dá òun lóhùn. Bàbá náà ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdè kan, akọ̀wé kọ ọ́ sára pátákó pé: “Màmá àgbà, ẹnì kan, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, odindi ọjọ́.” Iwájú òtẹ́ẹ̀lì ló ti lọ gbé wọn. Wọ́n wọ aṣọ òtútù aláwọ̀ eérú, wọ́n fi igi rìn wọ inú mọ́tò, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni wọ́n sì jókòó sí. Kí wọ́n tó kúrò nínú ìlú, wọ́n ti na búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹyin há láàárín sí i.

“Gbà, ọmọ mi. Ẹni tó ń wakọ̀ kì í rántí jẹun.”

“Ẹ ṣeun, mà. Ìyàwó mi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í fún mi ní búrẹ́dì tì í.”

Màmá rẹ́rìn-ín. Báyìí ni wọ́n ṣe bá ara wọn lọ, àwàdà lọ́tùn-ún, ìtàn lósì, títí wọ́n fi dé ìdajì òkè. Àrọ̀bá dúró nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Ó di màmá mú lápá, ó mú wọn dé iwájú ilé náà. Màmá gbójú sókè wo àwọn ẹyẹ, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì ti igi wọn. Ó rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n.

“Ọmọ mi, ilé ta nìyí?”

Àrọ̀bá sọ ọ́. Ẹ wò ó, nítorí búrẹ́dì tí màmá fún un, ó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà ju bó ṣe máa ń sọ ọ́ lọ. Ó tilẹ̀ fi kún un pé ẹ̀rín ni ọkùnrin náà ń rín bó ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́.

Màmá gbọ́ ọ tán. “Ta ló sọ fún ọ?”

Ìbéèrè náà gún un láyà díẹ̀. “Àwọn àgbà ìlú ni, mà. Ẹnu wọn la ti gbọ́ ọ.”

“Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n?”

“Gbogbo wọn, mà. Kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n.”

“Òkúta wọ̀nyí ńkọ́?”

“Ẹni tó bá ń kọjá ló ń ju ọ̀kan, mà.”

“Bá mi mú ọ̀kan.”

Ó wá èyí tó kéré, tó rí roboto, nítorí ọwọ́ àgbà. Ó di ìgúnpá wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú. Òkò náà kò lọ jìnnà, ó kan àtẹ̀gùn, ó sì yí lọ dara pọ̀ mọ́ ìyókù.

“Ẹ jù ú dáadáa, mà,” ni Àrọ̀bá wí, bó ṣe máa ń wí fún gbogbo àlejò.

“Ilé bàbá bàbá mi nìyí,” ni màmá wí.

Wọ́n fìdí lé àtẹ̀gùn. Wọ́n ní káfíńtà ni bàbá àwọn, kò sì sí ibùsùn tàbí kọ́bọ́ọ̀dù kan tó kàn tí kò gbẹ́ ẹyẹ méjì yẹn sí lára. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ogun lé e kúrò níbí. Bí àwọn ọmọ bá bi í léèrè pé kí ni orúkọ bàbá rẹ̀, irú ẹni wo ni, á dìde nídìí oúnjẹ, á jáde, kò sì ní padà títí oúnjẹ á fi tutù. Ó kú láìsọ ọ́.

“Mi ò jẹ́ kí akọ̀wé yín mọ ẹni tí mo jẹ́,” ni màmá wí. “Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa wa níbí nígbà tí wọn ò mọ̀ pé ara wa ló ń gbọ́. Ó dáa náà. Mo ti wá mọ ohun tó pa bàbá mi lẹ́nu mọ́.”

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ ọ́. Àrọ̀bá mọ̀ pé ibẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, gbólóhùn kan péré ni, àmọ́ ìtìjú dì í lẹ́nu. Ó wo òkìtì òkúta náà, ó wo ìyá arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ju òkò lu ilé baba ńlá wọn, tó sì jẹ́ pé òun gan-an ló di ìgúnpá wọn mú. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ohun tó wá jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Ẹ jẹ́ ká máa lọ, mà, kí oòrùn tó mú.”

Wọ́n lọ wo afárá olókùúta. Wọ́n lọ wo odi ìlú. Àrọ̀bá ń sọ ọdún tí wọ́n kọ́ eléyìí, ó ń sọ bí ìyẹn ṣe ga tó, òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Nígbà tí wọ́n dé góńgó òkè, níbi tí ènìyàn ti lè rí gbogbo àfonífojì àti odò tó là á já, màmá kò wo odò. Fóònù ni wọ́n mú jáde, wọ́n pe àbúrò wọn ọkùnrin.

“Àbúrò mi, mo ti rí i. Ẹyẹ wà níbẹ̀, méjèèjì. Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, jókòó ná.” Wọ́n sọ ọ́ fún un látòkè délẹ̀, kọ́kọ́rọ́, ẹnubodè, títí kan ẹ̀rín yẹn. Àrọ̀bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbọ́ irọ́ ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn. Nígbà tí àbúrò náà máa dáhùn, ẹkún ni.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó pa mọ́tò, ó yíjú sẹ́yìn.

“Ẹ dárí jì mí, mà. Irọ́ ni.”

“Kí ni irọ́?”

“Ọ̀rọ̀ ilé yẹn. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Kò sí àgbà kankan tó sọ fún mi. Mọ́tò ló gbóná, mà. A ní láti dúró, mi ò rí nǹkan sọ fún àlejò.”

“Mọ́tò ló gbóná?”

Bí màmá ṣe tún un sọ, òun náà gbọ́ ọ bó ṣe dún. Òótọ́ náà jọ irọ́ ju irọ́ fúnra rẹ̀ lọ.

“Tó bá jẹ́ irọ́, kí wá ni òótọ́? Kí ni orúkọ bàbá bàbá mi?”

“Mi ò mọ̀, mà.”

“Irú ẹni wo ni wọ́n?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ta ló mọ̀?”

“Bàbá kan mọ̀. Wọ́n ti kú. Mi ò bi wọ́n, mà.” Omi bọ́ lójú rẹ̀, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. “Ọjọ́ pọ̀ tí mi ò bá fi bi wọ́n.”

Màmá na ọwọ́ síwájú, wọ́n fi gbá a léjìká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ.

“Ó tó, má sunkún. O rí i pé inú mi bàjẹ́, o wá ń wá ohun tí wàá fi tù mí nínú. Ọkàn rẹ dáa. Àmọ́ ọgọ́ta ọdún ni bàbá mi fi dákẹ́, ọmọ mi. Ènìyàn kì í dákẹ́ báyẹn lórí asán. Wa mọ́tò, ẹsẹ̀ ń dùn mí.”

Ó bẹ̀ wọ́n, ó búra. Bó ṣe ń búra tó ni màmá ń dúpẹ́ tó. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ bá ti Àrọ̀bá lóòótọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ti gba àyè jókòó nínú mọ́tò, kò sì sún fún ẹnikẹ́ni. Ó já màmá sílẹ̀ níwájú òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì ṣàdúrà fún un kí wọ́n tó wọlé.

Ní Mọ́ńdè, kó tó gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì tán ni akọ̀wé ti ń pariwo orúkọ rẹ̀.

“Àrọ̀bá! Kí lo fún màmá ọjọ́sí jẹ? Wọ́n pè láàárọ̀ yìí, wọ́n yìn ọ́ títí etí fi ń dùn mí. Wọ́n ní àwọn ò rí aláàánú bíi tìẹ rí. Gbogbo ẹbí wọn ló ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ènìyàn mọ́kànlá, ìwọ nìkan ni wọ́n fẹ́.”

“Kí ni wọ́n fẹ́ wò?”

“Ilé yẹn nìkan. Wọ́n ní kó o sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ, kó o má yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Èyí tó kéré jù ń ṣe ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọ́n ní ó yẹ kó tètè mọ irú ìdílé tó ti wá.” Akọ̀wé ti ṣí ìdérí báírò pátákó. “Ṣé kí n kọ orúkọ rẹ sí i?”

Àrọ̀bá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ẹnu yẹn, kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mú jáde níbẹ̀. Akọ̀wé rò pé ayọ̀ ni, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i.