Aṣọ Tí Iyé Àgbà Kò Jẹ́ Kí N Tú

"Máa hun ún lọ, ọma mi. Ta ló ní kí o tú u?"

Ohùn Iyé àgbà nìyẹn lẹ́yìn mi, bí mo ṣe ń fi èékánná yọ òwú tí mo fi síbi tí kò yẹ. Òun ni ìyá tó bí bàbá mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì gbé dàgbà ní Kàbà. Òfì tó fi ń hun aṣọ dúró ti ògiri yàrá iwájú, ó ga jù mí lọ. Gbogbo ilé ń rùn fún aró àti èéfín igi. Bí ó bá ń fi igi pẹlẹbẹ gbá òwú sílẹ̀, gbà, gbà, gbà, àwọn adìyẹ ẹnu ọ̀nà kì í tilẹ̀ bìkítà mọ́.

Àwọn ahunṣọ yòókù ládùúgbò máa ń ní kí ọmọ-iṣẹ́ wọn tú àṣìṣe. Ti Iyé àgbà yàtọ̀. Aṣọ tí o bá kọ́kọ́ hun, bó ti wù kó wọ́ tó, kò ní jẹ́ kí o tú u, kò sì ní tà á. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ró o lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tí yóò máa yan bí ìyàwó tuntun. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Ẹ rín in dáadáa," ni yóò wí, "ẹni tó hun ún ò tíì dáwọ́ dúró."

Ilé ẹ̀kọ́ ló gbé mi dé ìdí òfì. Olùkọ́ wa ní kí n dìde ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Kí n tó ka ìlà kan tán, ó ti dá mi dúró lẹ́ẹ̀mẹrin, kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá bi mí ní nǹkan, ilẹ̀ ni mo ń wò. Olùkọ́ ránṣẹ́ sílé pé bí n kò bá lanu kí táàmù tó parí, n kò ní bá àwọn ẹgbẹ́ mi lọ sí kíláàsì tó kàn. Mo sọ fún Iyé àgbà pé n kò lọ mọ́, kí ó kúkú kọ́ mi ní aṣọ híhun.

Kò bá mi jà. Ó ní òun á kọ́ mi bí mo bá dé láti ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni kí n máa fi sọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe. Iyé àgbà tí kò gbọ́ ju "gúdù mọ́nìn" lọ!

"Ẹ ò ní mọ̀ bí mo bá ṣì í sọ."

"Ṣé mo bi ọ́? Máa sọ lọ."

Mo sọ òwú, mo sọ igi, mo sọ aró, mo ṣì í sọ bó ṣe wù mí. Òun ń dáhùn, "Hẹ̀n-ẹ́n! Hẹ̀n-ẹ́n!" bí ẹni tí wọ́n ń ròyìn ayọ̀ fún.

Nígbà tí aṣọ náà tán, etí rẹ̀ kan wọ́ gan-an. Ó ró o lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn òpó, ó fà mí jáde: "Ẹni tó hun ún rèé." Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, n kò sì kú. Lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́ béèrè ìbéèrè, mo nawọ́. Mo ṣì í sọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ dópin.

Èmi náà ló wá di olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àfi bí mo ṣe gbàgbé ohun tí Iyé àgbà kọ́ mi. Bíróò pupa kì í kúrò lọ́wọ́ mi, kíláàsì mi sì dákẹ́ rọ́rọ́. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ kan, wọ́n ní kí kálukú sọ ọgbọ́n kan tó ń lò. Ojú tì mí, n kò ní ọgbọ́n kankan. Ni mo bá rántí òfì.

Nísinsìnyí, ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń mú iṣẹ́ ọwọ́ wá: ẹ̀gúsí bíbó, irun dídì, ìgbálẹ̀ dídì. Wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí wọ́n ń ṣe, n kò sì ní dá wọn dúró. Àtúnṣe àṣìṣe wọn di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Aṣọ mi tó wọ́ yẹn ni mo tẹ́ sórí tábìlì. Ọmọbìnrin kan wà tí kò lanu rí láti ìgbà tí táàmù ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó fọwọ́ pa etí aṣọ náà.

"Mà, kí ló dé tí ẹ ò tú u?"

"Iyé àgbà mi ò jẹ́ kí n tú u."

Ó wò ó títí. Ó padà síbi ẹ̀gúsí rẹ̀, ó bó ẹyọ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀. Ó ṣì í sọ. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń dáhùn, "Hẹ̀n-ẹ́n! Hẹ̀n-ẹ́n!"

Iyé àgbà, bí a ṣe ń kíni ní Kàbà, okun o. Ẹ ṣeun.